Láti Marrakech Kọjá Òkè Atlas dé Aït Benhaddou ní Ọjọ́ Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Láti Marrakech, ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, dé Aït Benhaddou, ìlú olódi àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, kò ju nǹkan bí 180 kìlómítà lọ. Bí a bá fi ti ilé wé e, kò tilẹ̀ tó Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Òkè Atlas ló dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà, nítorí náà ọkọ̀ máa ń lo tó wákàtí mẹ́rin ní àlọ, á sì tún lo mẹ́rin mìíràn ní àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan ti ya wákàtí mẹ́jọ sọ́tọ̀ fún ìjókòó inú ọkọ̀ kí ó tó di pé ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibi tó ń lọ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìṣirò yìí mú, nítorí aago ni ẹ ń rà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé yín lọ. Mọ́tò kàn jẹ́ agolo tí wọ́n fi ń wọn aago náà fún yín ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rin ọ̀nà yìí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. Owó wa lọ, ojú wa kò sì rí nǹkan gúnmọ́. Ní ìgbà kejì, àwa mẹ́rin láti Àkúrẹ́ la dá owó jọ gba ọkọ̀ kan, ọkàn wa sì balẹ̀ nígbà tí a padà dé òtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́. Ọ̀nà kan náà ni, òkè kan náà ni, àní owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san ní ìgbà kejì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn méjèèjì ni mo tò sílẹ̀ yìí fún ẹni tó bá ń múra láti lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú aṣálẹ̀ tí ẹ ó rí

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí léèrè nílé ti rí àwòrán òkìtì iyanrìn pupa rúsúrúsú níbi tí ràkúnmí ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò já wọn sí. Kì í ṣe ibẹ̀. Òkìtì iyanrìn ńláńlá ti Merzouga jìnnà sí Marrakech ju 500 kìlómítà lọ, ti agbègbè Zagora pàápàá sì ju 350 lọ. Kò sí awakọ̀ tó lè gbé yín débẹ̀ kí ó sì gbé yín padà ní ọjọ́ kan tí ẹ ó fi ráyè wo ohunkóhun. Ohun tí ìrìn ọjọ́ kan lè fi hàn yín ni ẹnu ọ̀nà aṣálẹ̀: ilẹ̀ olókùúta tó gbẹ táútáú, àwọn odò tó jẹ́ pé iyanrìn ló kún inú wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, igi dàbínù tó tò sí bèbè ibi tí omi ṣẹ́kù sí, àti àwọn ìlú olódi tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń da ràkúnmí gbà láti Sàhárà wá sí Marrakech. Irú ìlú olódi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ksar. Ilé ńlá olódi tó jẹ́ ti ìdílé kan tàbí ti ìjòyè kan ni wọ́n ń pè ní kasbah.

Àwọn kan yóò tún fi Agafay lọ̀ yín, wọn yóò ní aṣálẹ̀ náà ni, kò sì tó wákàtí kan sí ìgboro. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ olókùúta ni, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ jẹun alẹ́ lábẹ́ àgọ́, ṣùgbọ́n kò sí òkè tí ẹ ó là kọjá, kò sì sí ìlú àtijọ́ tí ẹ ó wò. Bí iyanrìn àti ràkúnmí bá jẹ́ ohun tó wù yín ní tòótọ́, ẹ ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé àti owó kí ẹ tó kúrò nílé

Ará Nàìjíríà nílò físà láti wọ Mòrókò, ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn sì wà ní Àbújá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn tààrà ohun tí wọ́n ń gbà ní àsìkò tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ má sì san owó òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ọkọ̀ tí wọn kò ní dá padà kí físà tó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Royal Air Maroc máa ń fò láti Èkó lọ sí Casablanca láìdúró níbòmíràn, láti Casablanca sì ni ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ sí Marrakech ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó ti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó gbéra gbọ́dọ̀ ṣírò títì Ọ̀rẹ̀ mọ́ ìrìn rẹ̀: ẹ sùn ní Èkó ní alẹ́ tó ṣáájú, nítorí kò sí bàálù tó máa dúró de ènìyàn pé tírélà ṣubú dí ọ̀nà.

Dirham ni owó wọn. Kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó nílé, òfin wọn kò sì fẹ́ kí a máa kó o jáde lọ́pọ̀, nítorí náà ẹ mú dọ́là tàbí yúrò dání, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ẹ wá owó wẹ́wẹ́ sápò, nítorí ilé ìtura ojú ọ̀nà, tíì àti ẹni tó bá fi ọ̀nà hàn yín kì í ní ṣéńjì. Aago wọn bá tiwa mu fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún, àfi nínú oṣù Ramadan tí wọ́n máa ń dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Kí ẹ má sì fi ìrìn orí òkè sí ọjọ́ kejì tí ẹ bá dé. Ẹ fi odindi ọjọ́ kan sinmi ní Marrakech ná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oṣù tó dára

Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ló dára jù. Ní ìgbà òtútù, pàápàá láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, yìnyín lè bo orí òkè débi tí wọ́n á ti ọ̀nà pa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni retí rẹ̀. Nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru ìhà kejì òkè lè tó ìwọ̀n 40, gígun ìlú olódi ní ọ̀sán gangan nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ kò sì ní adùn kankan. Ẹ má fi ọyẹ́ Àkúrẹ́ díwọ̀n òtútù orí òkè náà o. Ọyẹ́ tiwa á gbẹ ètè, tiwọn á wọ egungun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń gba ọkọ̀ àti amọ̀nà

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ibí ni ìrìn wa àkọ́kọ́ ti bà jẹ́. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì ló bá wa wá ọkọ̀. Ó ní ti àwa méjì nìkan ni, kò ní sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Aago méje òwúrọ̀ la jọ fi àdéhùn sí. Aago mẹ́jọ kọjá kí ọkọ̀ tó yọ, nígbà tí ó sì yọ, tọkọtaya kan tí a kò mọ̀ rí ti wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ ní wọn yóò bọ́ sílẹ̀ níwájú. Wọn kò bọ́ sílẹ̀ títí di alẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ti yà sí ilé ìtajà òróró argan, wọ́n gbé búrẹ́dì àti òróró síwájú wa, wọ́n wá dúró tì wá, wọ́n ń wo ojú wa bí ẹni tó fẹ́ gba gbèsè, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì la lò níbẹ̀, nítorí mo wo aago ọwọ́ mi. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí a tó dé Aït Benhaddou, ó sì fún wa ní wákàtí kan péré. A kò dé orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta kan, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Àbúrò, ṣé nítorí àti wá ra òróró la ṣe fò kọjá Sàhárà?" N kò rí èsì fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé igi argan kì í tilẹ̀ ṣe igi ọ̀nà yẹn. Ìhà Agadir àti Essaouira ló ti ń hù jù lọ. Ilé ìtajà lásán ni, awakọ̀ sì ń gba tirẹ̀ lórí ohun tí àlejò bá rà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni awakọ̀, ọ̀tọ̀ ni amọ̀nà. Awakọ̀ lè mọ ìtàn, ó sì lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí ibi tí ó bá gbé ọkọ̀ sí. Amọ̀nà tó ní àṣẹ ìjọba máa ń ní káàdì tí ó ń fi kọ́ ọrùn, òun ló sì lè mú yín wọ inú ìlú olódi láti ṣàlàyé ohun tí ẹ ń rí. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìrìn pẹ̀lú amọ̀nà jẹ́ ìrìn pẹ̀lú awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ìrìn wa kejì, a gba awakọ̀ láti Marrakech, a sì ní kí ó bá wa fi àdéhùn sí ọ̀dọ̀ amọ̀nà ọmọ Aït Benhaddou fúnra rẹ̀, kí ó máa dúró dè wá lẹ́bàá odò. Owó tó lé lórí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ló sọ gbogbo ọjọ́ náà di ohun tí à ń sọ títí di òní.

Nígbà tí ẹ bá ń náà, ẹ béèrè iye owó odindi ọkọ̀, kì í ṣe iye orí kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ń gbé mẹ́rin tàbí mẹ́fà ní iye kan náà, nítorí náà ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ mọ ara yín sàn ju ẹ̀yin méjì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdéhùn yín sí WhatsApp ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn tàbí ní Faransé, kí ẹ sì má san kọ́bọ̀ títí ẹni náà yóò fi fèsì pé òun gbà á. Ohun tí àwa kọ ni pé ọkọ̀ yóò dé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Pé kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ju àwa mẹ́rin àti awakọ̀ lọ. Pé a kò ní yà sí ilé ìtajà kankan àyàfi tí àwa fúnra wa bá ní kí ó yà. Pé a ó lo wákàtí mẹ́ta ó kéré tán ní Aït Benhaddou. Pé owó epo àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ti wà nínú iye tí a sọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Àti pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni a ó kọ́kọ́ san. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ ka ọ̀rọ̀ ilé ìtajà tán, ó sì fi iye tirẹ̀ kún un. A fi í sílẹ̀. Ẹni kejì gbà á bí a ṣe kọ ọ́.

Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ náà ní ìwé àṣẹ àti ti ìbánigbófò láti gbé àlejò. Àwọn ọlọ́pàá máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà náà, ọkọ̀ ilé tí kò ní àṣẹ yìí sì lè kó yín sí ìdádúró tí kò kàn yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹrù

Ẹrù kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Súwẹ́tà tó nípọn, fìlà, bàtà tí kò ń yọ̀, omi, pásípọ́ọ̀tù, àti ìpékeré ti tó. Ẹ gún ata gbígbẹ sínú ìgò kékeré, ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú. Bí ẹ bá ní dúróònù tí ẹ fi ń ya àwòrán láti òkè, ẹ fi í sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, nítorí òfin Mòrókò kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gígun òkè

Bí ẹ bá gbéra ní aago mẹ́fà, ilẹ̀ á máa mọ́ bọ̀ bí ẹ bá ń sún mọ́ ìsàlẹ̀ òkè. Ọ̀nà náà tẹ́jú títí dé Aït Ourir, lẹ́yìn èyí ni kọ́nà á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń rìn ní ikùn gbọ́dọ̀ jókòó síwájú, kí ó má wo fóònù, kí ó sì máa jẹ atalẹ̀ tútù díẹ̀díẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi bì lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀rá kí a tó dé òkè, nítorí pé ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi wá sí. Ẹ má ṣe tijú láti sọ fún awakọ̀ pé kí ó rọra. Kò sí ẹni tó ń lé e.

Taddert ni abúlé tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń dúró mu tíì kí wọ́n tó dojú kọ apá tó le jù. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ má jókòó jẹun. Lẹ́yìn Taddert ni ọ̀nà á máa lọ́ bí ìfun títí dé Tizi n'Tichka, tó ga ní 2,260 mítà sí ojú òkun. Wọ́n ní Òkè Ìdànrè ga tó 914 mítà, ẹni tó bá sì ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 mọ bí àyà ṣe ń ja lókè. Ibí yìí ga ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń gùn ún fún yín. Tizi, ní èdè àwọn Amazigh tó ni ilẹ̀ náà, ni àlàfo tí ọ̀nà ń gbà láàárín òkè méjì.

Ojú ọ̀nà ọkọ̀ yìí kò pẹ́ púpọ̀: àwọn ọmọ ogun Faransé ló là á ní 1936. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ti ràkúnmí ti wà níhìn-ín tipẹ́tipẹ́, àwọn oníṣòwò sì ń gbà á kó wúrà, eyín erin àti ẹrú láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí àríwá, wọ́n sì ń kó iyọ̀ àti aṣọ bọ̀. Ní 1590, Ahmad al-Mansur, sultan Mòrókò, rán ọmọ ogun láti Marrakech la Òkè Atlas àti Sàhárà kọjá, wọ́n sì ṣẹ́gun ilẹ̀ ọba Songhai ní Tondibi ní 1591. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ́ ní kọ́nà kan tí ẹ rí jìn, ẹ ro bí wọ́n ṣe ń da ẹran tó ru ẹrù gba ibẹ̀.

Lókè pátápátá, àwọn tó ń ta òkúta yóò sáré wá bá ọkọ̀. Wọn yóò la òkúta kan sí méjì níwájú yín, inú rẹ̀ á máa dán gbinrin, ó lè pupa fòò tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò. Mo fi itọ́ tutù ìka mi, mo fi ra inú ọ̀kan, ìka mi sì pupa bí ẹni tó he osùn: wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ni. Funfun àti eérú ni àwọ̀ òkúta bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹ lè rà á nítorí ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ohun iyebíye.

Ìgbésẹ̀ keje: Aït Benhaddou, kí ẹ tó yà síbòmíràn

Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ á yí padà lójú yín: ewéko á máa dín kù, òkè á máa pupa. Awakọ̀ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ yà sí Telouet, níbi tí kasbah àtijọ́ kan wà. Ẹ sọ fún un pé ó di àbọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn báàsì tó ń kó èrò púpọ̀ láti Marrakech máa ń dé Aït Benhaddou ní nǹkan bí aago mọ́kànlá sí méjìlá. Ẹni tó bá débẹ̀ ní aago mẹ́wàá ti rí i kí èrò tó kún, kí oòrùn tó mú.

Aït túmọ̀ sí ọmọ tàbí ìran, bí a ṣe ń sọ pé Ọmọ Oòduà. Nítorí náà Ọmọ Benhaddou ni orúkọ ìlú náà. Ìlú tuntun wà ní ìhà kan odò Ounila, ti àtijọ́ sì wà ní ìhà kejì, ó gẹ̀gùn sára òkè kékeré kan. Afárá wà, ṣùgbọ́n nígbà tí odò bá fà, ẹ lè gba orí àwọn àpò iyanrìn tí wọ́n tò sínú omi, èyí tí mo fẹ́ràn jù. UNESCO fi ìlú náà sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1987. Àwọn ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kò dà bí ẹni pé ó ti ṣáájú ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé díẹ̀ ló ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ kan ògiri. Ará Àkúrẹ́ tó bá ti wọ ààfin Déjì àtijọ́ mọ ògiri amọ̀ tó nípọn, tó ń mú inú ilé tutù ní ọ̀sán. Àwa máa ń po amọ̀, a ó mọ ìpele kan yíká, a ó jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó mọ èkejì lé e. Tiwọn yàtọ̀: wọ́n á de pákó méjì pọ̀ ní ìdojúkọ, wọ́n á da erùpẹ̀ tútù sáàárín, wọ́n á sì fi igi gún un títí yóò fi le, lẹ́yìn náà wọ́n á tú pákó sún un síwájú. Àwọn ihò róbótó tí ẹ ó rí tó tò lára ògiri ni ibi tí igi tó di pákó mú ti kọjá. Ní apá òkè ilé ìṣọ́, bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi ya ọnà sára ògiri. Èérún koríko wà nínú amọ̀ náà, ẹ lè rí i tó ń tàn nínú oòrùn. Òrùlé tiwa máa ń yọ jáde láti bo ògiri lọ́wọ́ òjò. Tiwọn tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí náà òjò díẹ̀ tó bá rọ̀ a máa jẹ orí ògiri, àfi kí wọ́n tún un rẹ́. Amọ̀nà wa fi ilé méjì tó fara kan ara hàn wá, ọ̀kan tí ènìyàn ń gbé, ọ̀kan tí wọ́n ti kó jáde: èyí tí wọ́n kó jáde ti ń padà di òkìtì.

Ẹ gun ún dé òkè pátápátá, níbi tí àká ìlú ti wà nígbà kan rí, tó ti wó báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí, nítorí bí ọ̀tá bá wọ ìsàlẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lókè. Láti ibẹ̀, ẹ ó rí ìhà méjèèjì odò, ilẹ̀ gbígbẹ tó nà lọ, àti òkè tí ẹ ti là kọjá. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ béèrè mọ́ṣáláṣí àti ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí àti ti àwọn Júù, nítorí àwọn méjèèjì ló jọ gbé ibẹ̀. Àwọn onílé kan máa ń gba owó díẹ̀ kí ẹ tó wọ inú ilé wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ilé onílé ni. Kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: oúnjẹ

Ẹ jẹun ní ìhà ìlú tuntun lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀. Tajine ni ẹ ó rí níbi gbogbo, ẹran tàbí adìẹ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè jẹ́jẹ́ nínú ìkòkò amọ̀ tí ọmọrí rẹ̀ ṣóńṣó. Ní ọjọ́ Ẹtì, couscous, ìyẹn àlìkámà tí wọ́n ṣe ní wóróró, ni wọ́n máa ń sè. Ó dùn, ó sì ń tú sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ata níbẹ̀. Mo tún un sọ: kò sí ata. Ìgò tí ẹ gbé láti ilé ni ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ pàṣẹ oúnjẹ kí ẹ tó gun ìlú olódi, kí ó lè ti jinná bí ẹ bá ń bọ̀. Èyí nìkan dín ìdajì wákàtí kù fún wa.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ouarzazate tàbí Telouet

Ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì yóò là òkè padà nínú òkùnkùn.

Ouarzazate wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà síwájú. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ibi tí kò sí ariwo. Kasbah Taourirt wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Atlas Studios, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 fún àwọn tó ń ya fíìmù, níbi tí ààfin Íjíbítì tí ẹ ó rí ti jẹ́ pákó àti símẹ́ńtì lásán. Ní ẹ̀yìn ìlú ni ilé-iṣẹ́ Noor tó ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná wà. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ máa ń tàn láti òkèèrè bí ìràwọ̀. Èmi tí mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní Àkúrẹ́ wò ó títí.

Telouet ni èmi yóò mú. Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà àbọ̀, nítòsí ibi ìwakùsà iyọ̀, níbi tí ìdílé Glaoui ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Thami El Glaoui, tó jẹ́ pasha, ìyẹn gómìnà, Marrakech láti 1912, bá àwọn Faransé dòwò pọ̀, ó sì wà lára àwọn tó lé sultan Mohammed V kúrò lórí ìtẹ́ ní 1953. Nígbà tí sultan fẹ́ padà sórí ìtẹ́ ní 1955, El Glaoui lọ bá a ní ilẹ̀ Faransé, ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì; ó kú ní oṣù kìíní 1956, wọ́n sì fi kasbah ìdílé rẹ̀ tó wà ní Telouet sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn oyè nílé wa kò ní ṣàìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láti òde, ó ti ń wó. Nínú yàrá tó kù, àwo kéékèèké aláràbarà àti igi tí wọ́n fín ṣì bo ògiri dé àjà. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní 8 oṣù kẹsàn-án 2023, tó ní agbára 6.8, tó sì pa ènìyàn tó sún mọ́ 3,000 káàkiri àwọn òkè yìí, ba ibẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ ní kí awakọ̀ fi fóònù béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé kí ẹ tó yà.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: àbọ̀

Ẹ gbéra padà ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tàbí mẹ́rin ó pẹ́ tán nígbà tí ọjọ́ bá gùn, kí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ ní ìhà Marrakech. Awakọ̀ ti ń wakọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ má gbà á kí ó máa ya ọkọ̀ ẹlẹ́rù ní kọ́nà, kí ẹnì kan nínú yín sì má sùn, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ yọ súwẹ́tà sí ìtòsí, nítorí òtútù Tichka ní ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí ti òwúrọ̀.

Bí ọkọ̀ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi ìyókù owó náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì fún un ní ohun ìdúpẹ́ lọ́tọ̀. Àwa mẹ́rin dá 150 dirham fún tiwa, inú rẹ̀ sì dùn. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, kí ẹnì kan tan iná fóònù wo abẹ́ ìjókòó. Pásípọ́ọ̀tù ọ̀kan nínú wa ni a bá níbẹ̀, láàárín èérún ìpékeré.